Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọ̀kadà Wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti ń gun alùpùpù kí wọ́n tó bí èmi, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ìsọ̀ ní Ọjà Jagun kí ẹ tó wá, ọjà á tà o. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, tí gírísì ò tíì kúrò léèkánná yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ kú ìjókòó.

Alága ní kí n má pẹ́. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbé ọ̀kadà wá síbí lónìí, ta ló ti tú ọrùn ọ̀kadà rẹ̀ wò láti ọjọ́ tó ti rà á? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín. Ọwọ́ méjì! Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń sọ tiẹ̀ kalẹ̀ báyìí. Ó dáa. Ta ló ti pààrọ̀ táyà? Gbogbo ilé. Ta ló ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì? Gbogbo ilé. Ẹ ò rí nǹkan? À ń bọ́ ọ̀kadà lóúnjẹ, à ń wọ bàtà fún un, ọrùn tó gbé orí rẹ̀ dúró ni ẹnikẹ́ni ò bojú wò.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọ̀kadà ti wọ́ nílùú yìí, gbogbo wa wà lọ́jà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.

Nǹkan méjì ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí: ọrùn, àti ṣọ́ọ̀kì. Ọrùn ni màá fi ṣáájú, nítorí òun ni ẹ máa fi ṣáájú nílé. Ẹni tó bá ra ṣọ́ọ̀kì tuntun sí ọ̀kadà tí ọrùn rẹ̀ ti jẹ, ó wọ agbádá sórí ṣòkòtò tó ya ni.

Ọ̀rọ̀ ọrùn

Páìpù kan wà níwájú fírémù tó dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kan gba inú rẹ̀ kọjá, òun ló so T òkè mọ́ T ìsàlẹ̀. Àwọn T méjèèjì yìí, irin ìdábùú tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ọrùn, ló di ṣọ́ọ̀kì iwájú mú. Kí ọ̀pá yẹn lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n fi abọ́ irin kékeré sókè, wọ́n fi sísàlẹ̀. Òun là ń pè ní kóònù. Bọ́ọ̀lù irin ló wá tò yí inú kóònù ká, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń tò sọ́rùn ọmọge.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ẹ bá ń lọ sí Ìlọrin, báwo lẹ ṣe ń yí hándù tó? Díẹ̀ báyìí, díẹ̀ báyìí. Tààrà lẹ ń lọ. Bọ́ọ̀lù tó wà nínú táyà ń yí láti ibí títí dé Ìlọrin, kò sí ojú kan tí ìyà ti ń jẹ ẹ́ jù. Bọ́ọ̀lù ọrùn kì í yí. Ojú kan náà ló jókòó sí. Gbogbo kòtò tí ẹ bá já sí, ojú kan náà ló ń gún. Ṣé ẹ mọ odó? Odó tí àwọn ìyá wa fi ń gún iyán, ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jìn ni àbí ìdí rẹ̀? Ìdí ni! Bí kóònù ṣe ń jìn nìyẹn. Gírísì á sá kúrò lábẹ́ bọ́ọ̀lù, irin á máa ha irin, kòtò wẹ́wẹ́ á yọ lójú kóònù bí ihò ọpọ́n ayò. Ọmọ iṣẹ́ mi kan rí irú kóònù bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ wá láti ilé iṣẹ́ nìyí?" Kòtò náà tò dọ́gba débi pé ọmọ náà rò pé ọnà ni.

Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ń yí hándù, tó bá ti dé àárín gbùngbùn, á jókòó, "kọ́," bí ẹran tó rí ìso rẹ̀. Ẹ ó máa tì í, kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọlọ́kadà á ní táyà ló ń fà á. Ó ra táyà tuntun, ó ń fà á síbẹ̀. Ó ní ọ̀nà ni. Lóòótọ́, ọ̀nà wa burú, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ ọ̀nà ò bá yín dé ilé.

Omi náà ń bẹ níbẹ̀ o. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fọ ọ̀kadà, tí ẹ ń fi ẹ̀rọ afọnmi tẹ ọrùn ọ̀kadà bí ẹni ń pa iná, gírísì lẹ ń fọ̀ jáde yẹn, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ọ̀kadà tí mo ń gùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún "gọ̀, gọ̀" bí mo bá ti tẹ bíréèkì iwájú. Mo mọ̀ pé ọrùn ló dẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo gbé sípánà, mo fún nọ́ọ̀tì òkè pa, ó fún pinpin. Ariwo dákẹ́. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mo ti mọṣẹ́. Ọjọ́ kejì, mo lọ gbé àbúrò bàbá mi obìnrin láti ọ̀nà Ìkòyí, tòun ti àpò kajú. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kadà náà ń rìn bí ọ̀mùtí! Bí a bá wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, hándù a máa yí díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ kó má bàa ṣubú, a kì í tiẹ̀ mọ̀. Èmi ti dè é lọ́rùn. Ó fẹ́ yí, kò rí i yí. Adìyẹ kan kọjá níwájú wa, mo dín eré kù, a bá ara wa nínú gọ́tà. Kajú fọ́n sójú ọ̀nà. Ìyá náà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ọ̀kadà lò ń kọ́ ni àbí ìjókìjó?" Títí dòní, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n fi ń kí mi nìyẹn.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kóònù tó ti jẹ, fífún un pa ò lè mú kòtò ojú rẹ̀ kún.

Bí ọ̀gá mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ṣe kọ́ mi láti yẹ ọrùn wò nìyí. Ẹ fi sítáńdì ńlá gbé ọ̀kadà, ẹ ti àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ di ìdí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì mú, ẹ tì í, ẹ fà á. Kí ẹnì kejì fi ìka sí ojú ibi tí T ìsàlẹ̀ àti fírémù ti pàdé. Bó bá dẹ̀, ìka á gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́ ọ. Ìyẹn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan péré yí hándù láti ọ̀tún dé òsì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá kọ́ àárín, kóònù ti jẹ. Bó bá ń ha bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, gírísì ti tán. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Títú u, àti dídá a padà

Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ẹ tó tú u. Mo tún un sọ: ẹ tẹ́ aṣọ! Bí T ìsàlẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù á dà sílẹ̀ bí àgbàdo tó tú lẹ́nu àpò. Ẹ ka ti òkè lọ́tọ̀, ẹ ka ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, torí wọn kì í sábà jọra. Mo ti tú ọ̀kadà kan rí tí bọ́ọ̀lù òkè rẹ̀ dín mẹ́ta. Ẹni tó tú u ṣáájú mi, ibi tó fi mẹ́ta yòókù sí, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ọ̀pá àti inú páìpù, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má dá bọ́ọ̀lù tuntun sórí kóònù ògbólógbòó. Ọmọ tuntun ò lè tún ìwà bàbá ṣe. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Kóònù àtijọ́ tó wà nínú fírémù, ẹ ti ọ̀pá irin gígùn bọ òdìkejì, ẹ rọra kàn án lọ́tùn-ún, ẹ kàn án lósì, kó máa jáde lọ́gbọọgba. Tuntun ló ní ẹ̀tàn nínú. Ó máa ń fún. Irin tó bá tutù a máa sún kì, nítorí náà ẹ fi sínú fìríìsà mọ́jú, á wọlé láìjà. Mo wé tèmi sínú ọ̀rá lọ́jọ́ kan, mo tọ́ ọ sáàárín ẹja nínú fìríìsà ìyàwó mi. Ilẹ̀ mọ́, mi ò rí kóònù. Ìyàwó mi ti kó ẹja lọ sọ́jà, ó kó o mọ́ ọn! Ọ̀sán ni oníbàárà gbé e padà wá, ó ní òun ò ráhùn egungun, àmọ́ eléyìí ti le jù.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Bí ẹ bá ń kan tuntun wọlé, kóònù àtijọ́ ni kí ẹ gbé lé e lórí, kí òòlù má kan ojú tuntun. Kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bó ṣe ń wọlé, á máa dún bí agbada òfìfo. Ìgbà tó bá jókòó tán, ohùn á yí padà, á dún "gbì." Ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ wá kún un ní gírísì. Kì í ṣe pé kí ẹ fi ìka tọ́ ọ lá. Kí ó kún, kó bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀tì wá kù. Ibí ni wàhálà wà. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ T òkè, díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ jókòó, ẹ yí hándù láti igun dé igun bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹ wá tú u padà. Ẹ tún fún un, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́, títí tí dídẹ̀ á fi tán, kó má kọjá ibẹ̀. Kí táyà wà lókè: bí ẹ bá fi ìka ta hándù kúrò láàárín, kó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣubú, ó ti fún jù. Bó bá ṣubú tó sì tún ń dún "gọ̀," ó ṣì dẹ̀. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì òkè tán, torí nọ́ọ̀tì òkè a máa tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì tún fún un sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo rò pé ọ̀kadà ni ẹni tó pa òwe yẹn ń tún ṣe.

Wọ́n bi mí lóde kí n tó wọlé pé tápà ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Tápà ni bíárìn tó jẹ́ pé dípò bọ́ọ̀lù, rólà ló wà nínú rẹ̀, tí ẹnu kan fẹ̀ ju ẹnu kejì lọ. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Henry Timken, Jámánì ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló ń ṣe. Ó rí i pé bí kẹ̀kẹ́ bá kó ẹrù tó wúwo tó sì fẹ́ yà, ẹrù á tẹ bíárìn láti òkè, á tún tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ní 1898 ni wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ lórí tápà tirẹ̀. Ẹ wò ó, ẹrù àti yíyà ló dá a níṣòro. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì, 50 kílò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí lẹ ń ṣe tó yàtọ̀?

Ẹ gbé ọsàn kan sórí tábìlì, ẹ tẹ́ ọmọ odó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú kan bín-ín-tín ni ọsàn fi kan tábìlì. Ọmọ odó fi gbogbo gígùn ara rẹ̀ sùn. Bí bọ́ọ̀lù àti tápà ṣe rí nìyẹn. Tápà pín ẹrù ká, kì í tètè gbẹ́ kòtò. Èmi fara mọ́ ọn fún ọ̀kadà tó bá ń kó ẹrù.

Àmọ́ ẹ má sáré lọ rà á. Kò sí tápà tó ń jẹ́ "ó lè wọ̀ ọ́." Ẹ wọn fífẹ̀ inú, ẹ wọn fífẹ̀ ìta, ẹ wọn gíga, pẹ̀lú kálípà, kì í ṣe pẹ̀lú ojú. Gíga ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Tápà sábà máa ń ga ju bọ́ọ̀lù lọ. Bó bá ga jù, T òkè ò ní jókòó dáadáa, nọ́ọ̀tì òkè ò sì ní rí ẹsẹ̀ tó pọ̀ tó mú. Ẹ kò fẹ́ kí nọ́ọ̀tì yẹn tú lọ́nà Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá fi tápà sí i, lọ-bọ̀ Ìlọrin márùn-ún, bíi 500 kìlómítà, ẹ tún ọrùn yẹ̀ wò, torí ó máa jókòó sí i. Bí ẹ ò bá rí èyí tó bá ìwọ̀n mu, kóònù àti bọ́ọ̀lù tó dáa pẹ̀lú gírísì tó kún sàn ju tápà tí a fi òòlù bẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì

Mo ti pẹ́ lórí ọrùn, alága ti ń wo aago. Ẹ bùn mí ní díẹ̀ sí i.

Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Bá mi mú un le." Líle! Líle! Ta ló sọ fún yín pé líle ni agbára? Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, a tú ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà àtijọ́ kan, owó ló ń dà jáde. Kọ́bọ̀! Kọ́bọ̀ onírin, irú èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 1973. Ẹnì kan ló tò ó lé orí sípíríìnì kí ṣọ́ọ̀kì lè le. Inú àwa ọmọ iṣẹ́ dùn, a rò pé ìṣúra ni. Ọ̀gá ní, "Ẹ wo sípíríìnì yẹn. Ṣé kọ́bọ̀ sọ ọ́ di òmíràn?" Kò sọ ọ́ di òmíràn. Ohun tí a bá tò lé sípíríìnì lórí ń gbé ọ̀kadà sókè ni, kò fi agbára kún sípíríìnì.

Ẹ ṣì lè ṣe é nílé, kì í ṣe èèwọ̀. Páìpù omi tó nípọn ni kí ẹ gé, kì í ṣe kọ́bọ̀, kí ẹ fi wáṣà sókè àti sísàlẹ̀ rẹ̀. Mílímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, dọ́gbadọ́gba ní apá méjèèjì. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìdérí òkè ṣọ́ọ̀kì, sípíríìnì ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ẹ má gbé ojú yín lé e.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ẹ so òwú mọ́ páìpù dídán tó wà lára ṣọ́ọ̀kì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò jáde. Ẹ gùn ún bí ẹ ṣe ń gùn ún lójoojúmọ́, kí ẹnì kan di ọ̀kadà mú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn bí òwú ti jìnnà sí síìlì tó. Bí gbogbo ìrìn ṣọ́ọ̀kì bá jẹ́ 120 mílímítà, kí ó jókòó bí 30 sí 40. Bó bá jókòó jù bẹ́ẹ̀, ó rọ̀. Bí kò bá jókòó rárá, ẹ̀yin àti kòtò lẹ máa jọ pín in.

Ọ́ìlì wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Sípíríìnì ló ń gbé ẹrù, ọ́ìlì ló ń pa sípíríìnì lẹ́nu mọ́. Inú ṣọ́ọ̀kì, ọ́ìlì ń gba ihò kéékèèké kọjá. Bí ihò yẹn ṣe ń dí i lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí ọ̀kadà máa fò bí àkèré. Ní 1935, BMW ti Jámánì gbé alùpùpù R12 jáde. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráyé tí ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ yìí nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ báyìí tí ayé ti mọ̀ ọ́n, àwa wá ń da ọ́ìlì dúdú tí a fà nínú ẹ́ńjìnnì síbẹ̀! Tàbí ká da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50, tó ki bí oyin. Bó bá ki jù, ṣọ́ọ̀kì ò ní lè tètè dìde kí kòtò kejì tó dé. Á jókòó, á tún jókòó, títí á fi di igi. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tiwa, ọ́ìlì fífúyẹ́ bíi SAE 10 ló fẹ́. Bí ẹ ò bá rí i, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sínú jíà ọkọ̀ automatic sún mọ́ ọn.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá ti ilé oògùn wọ̀n ọ́n, kí ọ̀tún àti òsì ṣe déédéé. Ẹ má kún un dé ẹnu. Afẹ́fẹ́ tó kù lókè ọ́ìlì náà ní iṣẹ́. Bí kò bá sí àyè, ọ́ìlì á wá ọ̀nà jáde, síìlì ló sì máa gbà.

Ọ̀rọ̀ síìlì: bó bá ń jò, ẹ má tíì sáré rà á. Ẹ gé ike ìgò omi tín-ín-rín, ẹ tì í bọ abẹ́ ètè síìlì, ẹ yí i ká páìpù. Nígbà míì iyanrìn ẹyọ kan ṣoṣo ló há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí páìpù dídán yẹn bá ti dípẹtà tó ti ní ihò, síìlì mẹ́wàá kò lè gbà yín.

Ti ẹ̀yìn kò gùn. Òrùka alákàsọ̀ wà lábẹ́ sípíríìnì lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ yí i sókè bí ẹ bá máa kó ẹrù, ẹ dá a padà bí ẹ bá sọ̀ ọ́. Ìbejì ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Ẹ má ra aṣọ fún Táíwò kí ẹ fi Kẹ́hìndé sílẹ̀: bí ọ̀kan bá wà ní àkàsọ̀ kejì, kí èkejì wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá jò, ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ní òun máa lu ú nihò, òun máa rọ ọ́ìlì sí i, òun máa jó o padà, ẹ gba ọ̀kadà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága ti dìde. Mo ti gbé àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan dání, ó wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ti ń to ọ̀kadà. Ẹ̀yin méjì tí ẹ nawọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ máa ti ìka bọ abẹ́ T fún àwọn yòókù. Ti alága ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì wọlé láàárọ̀: "gọ̀, gọ̀."